Mọ́ọ̀tì Tí Mo Dà Sínú Ọtí Bọ̀ọ̀dá Láńre

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún tó kọjá, mi ò lè gbé e mì mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá Láńre fẹ́ mú àlejò wá sílé kí wọ́n lè yìn mí lójú rẹ̀. Mi ò yẹ lẹ́ni à ń yìn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Àbúrò ìyá mi ni Bọ̀ọ̀dá Láńre. Adigbẹ ní Abẹ́òkúta ni ilé wọn wà, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà látìgbà tí mo ti jáde yunifásítì tí mi ò tíì ríṣẹ́. Wọn ò fojú ọ̀lẹ wò mí rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, kí ẹ tó mọ ohun tí mo ṣe sí wọn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, wọ́n sì ń rù. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní àrùn sílíàkì ni. Ó ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní gúlútìn wà nínú àlìkámà àti ọkà bálì, bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ìfun wọn á máa bàjẹ́. Kò sí oògùn ju kí wọ́n yẹra fún un títí ayé. Bí búrẹ́dì ṣe lọ nìyẹn. Bíà náà lọ, nítorí wọ́n ń fi ọkà bálì sí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá fìbínú jókòó sílé. Àwọn kọ́. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣì ń lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn níwájú ilé ẹbí wa ní Aké, wọ́n á gbé omi wọn dání. Bàbá Tóbi, ọ̀rẹ́ wọn, á ní, "Láńre, ṣé o ti di pásítọ̀ ni?"

Wọ́n á dáhùn pé, "Ikùn mi nìkan ló di pásítọ̀. Ẹnu mi ṣì wà nínú ayé."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Àwọn náà ló máa ń ṣí ìgò fún àwọn yòókù. Mo máa ń rí i tí wọ́n á gbóòórùn ìhó rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sá wọlé lọ sunkún.

Wọ́n wá bíà tí kò ní gúlútìn ká Abẹ́òkúta. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ tó ń tajà ní, "Ẹ̀yin ń wá bíà tí kò ní ọtí, àbí?" Ní Èkó, wọ́n rí agolo kan tó ti òkè òkun wá. Nígbà tí wọ́n máa padà lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá wa àgbà ní Ìjẹmọ̀ mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pọn. Àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, kò sì sí gúlútìn nínú àgbàdo. Mo lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, mo wá fi ọkà bàbà, tí kò ní gúlútìn bákan náà, dán tèmi wò. N ó rẹ ọkà náà títí á fi hù, n ó sá a, n ó lọ̀ ọ́, n ó sè é, n ó sẹ́ ẹ, n ó sì fi í sílẹ̀ kó kan. Mo bà á jẹ́ títí kó tó dára. Ọjọ́ tó dára, Bọ̀ọ̀dá Láńre mu ún, wọ́n dijú. Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti dá mi padà sáàárín ẹgbẹ́ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló kó sí mi lórí.

Nígbà tó di ọjọ́ ìbí wọn lọ́dún tó kọjá, ọkà tí mo rà ti gbó, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò hù. Ọtí náà ṣàn bí omi, ó kan gógó. Àwọn àlejò ti jókòó. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á fi èmi tí bọ̀ọ̀dá mi ti fi yangàn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí mọ́ọ̀tì tí wọ́n rà fún àwọn ọmọdé nínú ilé ìdáná. Mo dà á sí i kó lè dùn, kó sì dúdú díẹ̀. Mo ti ka ara ìgò náà. Wọ́n kọ ọkà bálì síbẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo rí i. Mo kàn sọ fún ara mi pé díẹ̀ ni.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ẹni tó gbé ọtí wá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, káyé lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo mu ún lójú gbogbo wọn. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe mí? Ikùn mi kọ́ ló ń ṣàìsàn.

Bọ̀ọ̀dá Láńre ní, "Ọmọ mi ti tọ́ ọ wò. Ẹ bu tèmi wá."

Bàbá Tóbi pariwo, "Ẹ bu fún pásítọ̀!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tí àìsàn fi gbé wọn dè. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbádùn. Wọ́n tún rù, síbẹ̀ wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Èmi ni mò ń se ògì fún wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, á tún padà.

Àkàrà tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbà pé ó fà á. Ọwọ́ Ìyá Múínà ní oríta wa ni wọ́n ti rà á. Obìnrin yìí ti ya agbada kan sọ́tọ̀ fún àkàrà nítorí tiwọn, kó má bàa kan pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí wọ́n fi fúláwà àlìkámà ṣe. Bọ̀ọ̀dá mi ò bá a jà. Wọ́n kàn ní kí ẹnikẹ́ni nílé wa má rà níbẹ̀ mọ́. Ìyá Múínà ti bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Rárá o, ikùn ni." Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ń wo ilẹ̀.

Látìgbà náà, mi ò fi mọ́ọ̀tì sí i mọ́. Ọkà tuntun ni mò ń lò. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá obìnrin kan níbi iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àrùn kan náà ló ń ṣe é, ó sì ti pẹ́ tó ti mu bíà gbẹ̀yìn. Wọ́n ní kó wá ní Sátidé. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń pọn ọ́n. Má bẹ̀rù, òun fúnra rẹ̀ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè má mu ọtí ọwọ́ mi mọ́ láé, wọ́n á tún padà sórí omi wọn ní Aké. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé nítorí tiwọn ni mo ṣe ń dákẹ́. Irọ́ ni, nítorí tèmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Ìyá Múínà ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ bẹ̀, àbí bọ̀ọ̀dá mi? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú àlejò wọn, nítorí ó kan òun náà? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọtí náà ti ń kan. Ó mọ́, mo búra fún yín. Ẹnu tí wọ́n fẹ́ kó tọ́ ọ wò ni kò tíì mọ́.