Mo Ní Òpópó Wa Kò Gbọdọ̀ Wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, òkú ààyè ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Yàrá tí mo wà kéré débi pé bí mo bá na apá mi méjèèjì, ògiri ni wọ́n máa kàn. Ibẹ̀ ni mo ti ń retí ọjọ́ tí wọn yóò ṣílẹ̀kùn láìgbé oúnjẹ dání. N kò sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo pa èèyàn. Ẹni tí mo pa kì í ṣe ọ̀tá mi, kò bú mi rí, kò sì gba nǹkan mi rí. Òun ló kan àpótí tí mo gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bí mo ṣe pa á, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ ẹni tí okùn ń dúró dè. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ yà sí Ìlódè, tí ẹ rí òpópó kan tí wọ́n da ọ̀dà sí, tí gọ́tà wà lọ́tùn-ún lósì, tí omi òjò ń gba inú rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láìfọwọ́ kan ògiri ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ló fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ. Bí mo bá ń rántí rẹ̀ nínú yàrá yìí, orí mi a máa wú. Ìgbéraga yìí kan náà ló gbé mi dé ibi tí mo wà, n kò sì tíì mọ bí mo ṣe lè bọ́ ọ sílẹ̀.

Òpópó yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ilé alámọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, páànù wọn ti dípẹtà, òjò sì ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mọ́tò ń wọlé dé ẹnu ọ̀nà wa. Nígbà tí mo fi máa di géńdé, àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sáàárín ọ̀nà débi tí ewúrẹ́ ń kó sí i. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, mo kọ́ iṣẹ́ ètò ìlú: bí a ṣe ń wọn ilẹ̀, bí a ṣe ń la ọ̀nà, ibi tó yẹ kí omi gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, mo ríṣẹ́ ní Òṣogbo, mo sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò ń rọ̀, ọmọ mú aládùúgbò wa kan, Ìyá Bísí. Takisí kò lè wọlé. Àwa ọkùnrin gbé e sórí àga onígi, a gbé e la ẹrẹ̀ kọjá. A kò tíì dé ìdí mọ́tò tó fi bímọ sí fàráńdà ṣọ́ọ̀bù kan. Ọlọ́run yọ ìyá, ó yọ ọmọ. Bí a ṣe ń nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ìyá tó bí Ìyá Bísí wojú mi.

Ó ní, “Ìwọ tí wọ́n ní o kàwé ètò ìlú, ìlú ta gan-an lò ń tò?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Múfú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama, pe gbogbo ará òpópó jọ sí fàráńdà bàbá mi. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Múfú di akọ̀wé, wọ́n sì fi ètò ọ̀nà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ ò rí ìfẹ́! Mo ya òpópó náà sórí páálí ńlá, mo gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹlẹ́ja. Tọmọdé tàgbà ń wá síbẹ̀, wọ́n ń fi ìka wá ilé wọn. “Ibi rèé! Yàrá mi rèé!” Kí ọ̀nà tó lè fẹ̀, oníkálukú ní láti yọ̀ǹda pèpéle iwájú ilé rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́, ó sì wó tiwa fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn onígbàgbọ́ a máa gbẹ́ gọ́tà. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn mùsùlùmí a gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin ń fi agbada irin ru òkúta. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi ń fi ọwọ́ ìrànwọ́ ránṣẹ́. Àwọn ará ibòmíràn ń wá wò wá, ẹnu sì ń yà wọ́n.

Ibẹ̀ ni ìdẹwò mi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kéré. Ní ìpàdé kan, Ìyá Ẹlẹ́ja dìde, ó ní, “Ẹ jẹ́ a pàtẹ́wọ́ fún Ẹnjinníà wa!” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. N kì í ṣe ẹnjinníà. Nígbà tí a ń padà sílé, Múfú bi mí léèrè.

“O ò sọ fún wọn pé o kì í ṣe ẹnjinníà?”

Mo ní, “Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyàtọ̀ ṣe?”

Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni orí mi ti ń wú. Bí mo bá ń kọjá, tí wọ́n bá kí mi lórúkọ mi lásán, inú mi kì í dùn.

Ilé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí kò yọ̀ǹda. Ilé Bàbá Káfíńtà ni, bàbá àgbà kan tí òòlù àti ayùn ti di létí, tí ó jẹ́ pé bí o kò bá pariwo, kò ní gbọ́ ọ. Ọ̀nà àtijọ́ yà díẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Èmi sì ti fa ilà mi láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó dé òpin rẹ̀, ó tọ́ bí ọ̀pá ìbọn. Ilà náà gba àárín pálọ̀ Bàbá kọjá.

Bàbá ní, “Ọmọ mi, ọ̀nà dára. Gba pèpéle. Gba fàráńdà. Àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ń sùn nínú pálọ̀ yìí, o wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ín. Ṣé o fẹ́ kí mọ́tò máa gun orí rẹ̀ ni?”

Múfú fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Jẹ́ kí ọ̀nà yà. Ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì ṣófo, kò sí ẹni tó máa pa lára.”

Mo ní, “Ọ̀nà tó wọ́ kọ́ ni mo kàwé fún. Òpópó wa kò gbọdọ̀ wọ́.”

“Ta ni ọ̀nà tó wọ́ pa rí?”

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a fẹ́ mú ọjọ́ tí katapílà yóò dé, tí àwọn àlejò pàtàkì yóò wá bá wa ṣí iṣẹ́ ọ̀nà náà. Alága ẹgbẹ́ wa bi mí ní gbangba pé, “Ẹnjinníà, ti Bàbá Káfíńtà ń kọ́?” Gbogbo ojú wà lára mi. Bí mo bá sọ pé ó kọ̀, wọn yóò ní kí n yí ilà padà, páálí tí wọ́n ti ń fi yangàn yóò sì di àtúnṣe.

Mo ní, “Bàbá ti gbà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Múfú náà pàtẹ́wọ́. Ó gbà mí gbọ́.

Irọ́ kan kì í dá dúró. Mo lọ bá Bàbá, mo pariwo sí i létí pé ọ̀nà yóò yà, pé a kò ní fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Mo ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ Ṣadé ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, torí eruku yóò pọ̀. Èrò mi ni pé kí ó tó padà, ọ̀nà yóò ti là, ọ̀rọ̀ yóò ti kọjá ẹjọ́, àwa ará àdúgbò yóò sì kọ́ yàrá míì fún un. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Ó ní, “Orí rẹ kò ní burú. Bí o ṣe ń tún ilé bàbá rẹ ṣe, ọmọ tìrẹ náà yóò tún tìrẹ ṣe.”

Mo ṣe àmín. Mo fi ẹnu mi yìí ṣe àmín.

Bàbá lọ sí Ìbàdàn. Ọjọ́ pé. Wọ́n ta àtíbàbà, àwọn àlejò jókòó, àwọn ọmọdé ń sáré yí katapílà ká. Èmi wọ agbádá funfun. Mo ṣíwájú wọn lọ sí ilé Bàbá láti rí i pé gbogbo nǹkan wà létòlétò. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí bàtà táyà rẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀, ẹrẹ̀ ara wọn kò tíì gbẹ. Bàbá kì í wọ bàtà wọlé. Mo gbọ́ tó wúkọ́ nínú yàrá.

Ẹ̀yin èèyàn, mo dúró. Mo ní àǹfààní àtiwọlé, kí n jí i, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo tún ní àǹfààní àtipadà, kí n sọ fún àwọn àlejò pé mo purọ́. Mo gbọ́ ohùn alága láti ọ̀ọ́kán: “Ẹnjinníà wa dà o?” Ni mo bá gbé bàtà náà, mo ki wọ́n sábẹ́ agbádá, mo sì lọ bò wọ́n mọ́ inú òkìtì yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo ń sọ fún ara mi pé bí Bàbá bá gbọ́ ariwo katapílà, yóò sá jáde. Mo mọ̀ pé kò lè gbọ́.

Dírẹ́bà katapílà yọ orí síta. “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti yẹ inú ilé wò?”

“Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Kò séèyàn?”

“Kò séèyàn. Ṣe iṣẹ́ rẹ.”

Ògiri wó, páànù ya lulẹ̀, eruku sọ. Àwọn èèyàn hó yèè. Ìgbà náà ni Ìyá Ẹlẹ́ja já wọ àárín èrò pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

“Bàbá dà? Bàbá wà nínú ilé! Mo kí i láàárọ̀ yìí, òun ni mo lọ bu oúnjẹ wá fún!”

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń hú amọ̀. Múfú ló gbé Bàbá jáde. Ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Múfú gbé e sórí itan, ó wò mí.

Ó ní, “O ní ó gbà.”

“Mo rò pé kò sí nílé ni.”

“Bàtà rẹ̀ dà?”

Obìnrin kan tó wà lójú fèrèsé ilé tó tẹ̀ lé ti Bàbá ti rí mi lẹ́bàá yanrìn. Ó lọ tààrà, ó hú bàtà náà jáde, ó gbé wọn síwájú mi.

Ní kóòtù, mo kọ́kọ́ gba lọ́yà tó ní àṣìṣe ni. Dírẹ́bà sọ tirẹ̀, obìnrin náà sọ tirẹ̀. Ó wá kan Ṣadé. Kò sunkún, kò pariwo. Ó ní bàbá òun kò fẹ́ kí ọjọ́ ìṣíṣẹ́ náà kọjá lójú òun, ìyẹn ló fi wọ mọ́tò àkọ́kọ́ láàárọ̀ kùtù. Ó ní Bàbá ti sọ pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀ nílé kí òun tó jáde sáàárín èrò. Ó kọjú sí mi.

“Gbogbo ará ilé wa ní Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́ lórúkọ. Bàbá mi ń fi ọ́ yangàn.”

Mo dìde láìgbàṣẹ lọ́wọ́ lọ́yà mi. Mo ní, “Olúwa mi, mo mọ̀ pé ó wà nínú ilé.” Ọ̀rọ̀ náà ló so okùn mọ́ mi lọ́rùn, òun nìkan náà sì ni òtítọ́ tí mo sọ nípa ọ̀rọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Múfú wá wò mí lẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó síwájú mi.

Ó ní, “A parí ọ̀nà náà.”

“Ó dé òpin?”

“Ó dé òpin. A sin Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọ̀nà sì yà fún wọn. Ìyá Bísí gbin òdòdó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń dúró kíra.”

Mo bú sẹ́kún. Nínú ẹkún náà, inú mi dùn sí wọn. Àdúgbò mi kò jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n gbọ́n jù mí lọ, ọmọ wọn sì ni mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe fẹ́ iyì. Ẹ kàwé ju bí mo ṣe kà lọ. Ẹ padà sílé, ẹ tún òpópó bàbá yín ṣe, ẹ sì jẹ́ kí orí yín wú sí i. Àmọ́ bó ti wù kí iṣẹ́ yín lẹ́wà tó, kó má ṣe dùn mọ́ yín ju èèyàn tí ẹ ń ṣe é fún lọ. Bí àgbàlagbà kan bá ní òun kò gbà, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Bí irọ́ bá sì ti bọ́ lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín ní ọjọ́ náà gan-an. Ìtìjú kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín bí ẹni tí yóò máa gba ọ̀nà náà kọjá títí di ọjọ́ ogbó, tí yóò máa kí àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, tí wọn yóò sì máa dá a lóhùn.