Rọ́bà Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fi Ṣe Wáṣà

Láàárọ̀ òní, mo kó sípánà jáde láti tún ẹ̀rọ ẹlẹ́rìndòdò ilé wa tò, nítorí ìyàwó mi ní ìyá òun fẹ́ mu nínú rẹ̀. Mo tún gbé sípánà sílẹ̀. Mo pe àwọn méjèèjì jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mẹ́fà, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Àdákọ́ ni wọ́n ń pè mí, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo ń tú u, mo ń tò ó, títí ó fi yé mi. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ to ẹ̀rọ yìí: sílíńdà gáàsì tí ń mú omi yọ ìfófòó bí ti ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò (kì í ṣe ti ìdáná), ike omi ṣúgà, rọ́bà gígùn méjì, àti ẹnu ẹ̀rọ kan ní pálọ̀. Ó wù mí kí àlejò rí ẹnu ẹ̀rọ nìkan, kí wọ́n ṣe hàà. Mo bá fi sílíńdà pamọ́ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ wo ìgbéraga! Wáṣà tó yẹ kó dí ẹnu sílíńdà já bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò rí i mọ́. Àlejò sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo gé rọ́bà kẹ̀kẹ́ bíńtín, mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ṣe ṣìììì. Mo gbọ́ o! Mo tún fi sípánà dè é pinpin, mo ní, "Á ṣe é."

Gáàsì yẹn kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, á sì lé afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ náà sì ni ìyá ìyàwó mi fẹ́ràn láti sùn sí bí oòrùn bá mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tẹ́ ẹní sínú yàrá yẹn. Ìyàwó mi ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, kí ariwo wa má baà jí i. Nígbà tó padà lọ jí i, kò jí. A gbé e sáré jáde sí gbangba, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó mí kanlẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ǹ bá ti di apànìyàn.

Èyí tó burú jù ṣì kù. Kí a tó lọ sílé ìwòsàn, mo sá padà wọlé, mo yọ rọ́bà náà, mo jù ú sí ṣáláńgá. Dókítà bèèrè ohun tó wà nínú yàrá. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Ooru ni. Ìyàwó mi ló ti fèrèsé pa."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, tó ti sáré wá bá wa níbẹ̀, jágbe mọ́ ọn: "O fẹ́ pa ìyá wa ni?"

Ìyàwó mi wò mí, bóyá n ó gbè é. Bàtà mi ni mò ń wò. Láti ọjọ́ náà, òjò ìbáà máa rọ̀ wọlé, kì í ti fèrèsé. Ìyá rẹ̀ kò sì sùn sílé wa mọ́. Bó bá wá, kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti lọ.

Bí mo ti sọ ọ́ tán, ìyàwó mi bú sẹ́kún. "Bàbá àwọn ọmọ, ọdún mẹ́fà! Ẹ sì ń wò mí!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí wọ́n forí jì mí.

Ìyá ló kọ́kọ́ fèsì: "Dìde, Àdákọ́. O dá iṣẹ́ kọ́, o tún dá irọ́ kọ́!" Ó wá fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ọmọ mi, èmi náà gbà á gbọ́. Má bínú sí mi."

Ìyàwó mi nu ojú. "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi nísinsìnyí, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn."

Mo pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù fún àbúrò òun, kí òun bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìta gbangba ni mo gbé sílíńdà sí, pẹ̀lú wáṣà tuntun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Kò síkan tó hó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá iṣẹ́ kọ́, ibi tí ọṣẹ bá ti hó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹ tú u. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ má wá orí ẹlòmíràn gbé e lé.

Ìyá mu ife méjì, ó gùnfẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi. "Ọkọ ọmọ mi, lọ bá mi gbé àpò mi wá láti ilé mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa lò níbí."

Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, mo sì gbéra.