Kò Jìn

Láyé àwọn Faransé, ní ibùdókọ̀ rélùwéè Tchaourou, ìyá kan tó wà níwájú mi ní kí akọ̀wé bá òun ka lẹ́tà ọmọ òun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣójà.

“Ìyá, wọ́n ti gbé e kúrò ní Madagáská lọ sí erékùṣù mìíràn. Kò jìn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí Àyìlà tó tó, ó ti balẹ̀.”

“Ṣé apá ilé ló kọjú sí?”

“Rárá o. Iwájú ló tún lọ. Àmọ́ kò jìn.”

“Akọ̀wé, ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Alafiarou ni, Ìyá.”

“O mọ̀ ọ́n nígbà náà. Bí ẹni tó ru iṣu bá bi wá lọ́nà oko pé ṣé ọ̀nà ṣì jìn, kí la máa ń sọ?”

“A máa ń ní kò jìn.”

“Kó má bàa sọ ẹrù kalẹ̀ ni! Ọjọ́ tí wọ́n wá mú un, kò jìn ni wọ́n wí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti jẹ iṣu tuntun láìrí i. Mú gègé ẹ, kọ̀wé sí ọ̀gá wọn: ìyá rẹ̀ ti sọ ẹrù kalẹ̀. Kí wọ́n gbé ọmọ náà bọ̀.”

“Ìyá, wọn kì í kọ irú ẹ̀ sí òyìnbó.”

“Kọ ọ́. Ṣebí kò jìn.”