Kí Àdá Tó Wọ Koríko

Ràṣídì, pa ẹ̀rọ yẹn ná. Pa á, kí n gbọ́ ohùn ara mi. Wá jókòó síbí.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi, tí mi ò tíì wọlé ọkọ, ta ló gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń gun ẹ̀rọ bí ẹṣin, tí ó sì ń gé koríko? Àdá ni. Àdá àti ẹ̀yìn ríro. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, koríko á bo ọ̀nà Ìgànná mọ́lẹ̀, á ga ju èèyàn lọ. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀ tó máa ṣán. Bàbá mi ni olórí tiwa.

Bàbá mi kì í fi àdá ṣeré o! Á pọ́n ọn lórí òkúta, á di èèkù rẹ̀ mú, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bó bá mì, kò ní gbé e jáde. "Èèkù tó ń mì, ẹsẹ̀ ẹnìkan ló ń wá kiri." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, á nù ún, á fi epo pa á kó má dípẹtà. Ìwọ ńkọ́, Ràṣídì? Ìgbà wo lo yẹ òróró ẹ̀rọ rẹ wò kẹ́yìn? Ò ń rẹ́rìn-ín!

Àṣà kan wá wà... Ọkùnrin kan ò gbọdọ̀ ju àdá kí àwa obìnrin tó rin inú koríko náà. A ó tò gbọọrọ, a ó máa fi ọ̀pá nà án, a ó máa pariwo: "Ẹni tó wà níbẹ̀ kó jáde o! Ohun tó wà níbẹ̀ kó lọ o!" Ejò á sá. A ó ṣa òkúta kúrò, torí òkúta tí àdá bá bà, ojú èèyàn ló ń fò lọ bá. Ìyá mi ló máa ń ṣáájú wa.

Lọ́dún kan, wọ́n ní òyìnbó tó ń ṣàkóso wa ń bọ̀, pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó dé. Yéè! Agbo ilé kejì ti ń ṣán lọ níwájú, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi gbé àdá sókè. "Kò sáyè ìrìn lónìí."

Ìyá mi bá bọ́ síwájú àdá, ó fi orúkọ mi pè é. "Bàbá Àṣàbí, ẹ má bínú. A ò tíì rìn ín."

"Ìyá Àṣàbí, kúrò lọ́nà!"

"Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣán mi mọ́ ọn."

Àwọn ọkùnrin ń kùn. Inú bí Bàbá mi, ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ó sọ àdá kalẹ̀.

A wọ inú koríko. A ò tíì rìn jìnnà tí ìyá mi fi figbe ta. Mùfútáù ni! Àbúrò mi, bàbá tó bí bàbá yín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà náà, a fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Oorun gbé màmá àgbà lọ, ọmọ ń wá wa kiri, ó wọnú koríko, oorun gbé òun náà lọ. Ibi tí àdá ì bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí gan-an ló ká jọ sí, ó ń mu àtàǹpàkò. Ariwo wa ò tiẹ̀ jí i!

Bàbá mi... ọkùnrin líle yẹn... ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi lójú gbogbo ayé. "O ṣeun. O ṣeun. O ṣeun." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ dìde, jàre. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbọ́ tèmi."

Òyìnbó dé, apá tiwa ò tíì mọ́. Ó bínú títí. Ta ló rí tirẹ̀ rò? Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀!

Ayé ti yí padà. Ẹ̀rọ yìí ń ṣe iṣẹ́ odindi agbo ilé, mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn ò ro yín bíi tiwa. Ṣùgbọ́n àdá, ọwọ́ lè dá a dúró. Èyí tí ò ń gùn yìí, kí o tó tẹ bíréèkì, ó ti kọjá. Nítorí náà, kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin inú koríko kí o tó gun ẹ̀rọ. Ṣa òkúta. Lé àwọn ọmọdé wọlé. Má ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láìpa á. Má sì gbé ọmọ lé itan gùn ún mọ́. Mo rí ọ lánàá, mo kàn dákẹ́ ni!

Mùfútáù gbó, ó tọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí títí di Jímọ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Alihamudulilahi. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, inú koríko yẹn ni ìyá mi ti gbé yín jáde.