Nínú Ọ̀pá Ìpẹja Mẹ́fà, Èyí Tí Ọmọ Mi Yàn Ni Mo Sun

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọmọ mi máa ń pè mí. Á kí mi dáadáa, á béèrè bóyá mo ti jẹun, á ní kí n má jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ jù nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, á tún sọ ohun tó máa ń sọ: "Màmi, ẹ má ba ara yín nínú jẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí ọwọ́ yín níbẹ̀." Èmi á ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi gbà pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dáná sun ohun tí òun fẹ́ràn jù lọ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi tí mo ṣá ìṣáná gan-an ni ó ń kí. N kò sunkún o. Mo ti retí ẹkún títí, kò wá. Mo ń ránṣọ, mo ń sebẹ̀, mo ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló wọ ara mi tó ń bá mi ṣe é. Gbogbo ilé ti sùn báyìí, èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń kọ ọ́, bóyá bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, n óò lè sọ ọ́.

Dọ̀tun ni orúkọ ọmọ náà. Òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí òun kò bímọ, la jọ tọ́ ọ nínú yàrá méjì ní Surulere. Àǹtí ni Dọ̀tun ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ní aṣọ tí mo gbọ́dọ̀ rán dòru, ẹ̀yìn Àǹtí ló máa ń sùn. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣe é ní Yaba. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn rẹ̀ wà ni etí ọ̀sà ní Akoka. Bàbá kan ní àdúgbò wa, tó ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀, ló kọ́ ọ ní irú ẹja pípa kan tí n kò rí rí. Kò sí ekòló, kò sí ìdẹ tó ń rùn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń tẹ̀ kọdọrọ. Wọ́n á máa fì okùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn lókè orí kí wọ́n tó jẹ́ kó balẹ̀ sórí omi. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n máa ń fi òwú wé mọ́ ìwọ̀, kí ẹja lè rò pé kòkòrò ló bà lómi. Eṣinṣin ni Dọ̀tun ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ ní Mushin ló ti ń ṣa ìyẹ́, inú apẹ̀rẹ̀ mi ló ti ń mú òwú. Bó bá ń fi ọ̀pá dánra wò lẹ́yìnkùlé, àwọn ará ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Dọ̀tun, kí ni afẹ́fẹ́ ṣe fún ẹ tí o fi ń nà án báyìí?" Òun náà á dáhùn pé, "Ó bú màmá mi ni, sà." Èyí tó ń bí mi nínú ni pé bó bá rí ẹja pa, á tún dá a padà sómi. "Màmi, ó kéré ni." "Èwo ló kéré? Gbé e dé inú ìkòkò mi, wàá rí i bó ṣe máa tóbi."

Nígbà tí bàbá náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ní ló fi sílẹ̀ fún Dọ̀tun. Kò pẹ́ sígbà náà ni onílé wa ní òun fẹ́ wó ilé, kí gbogbo wa jáde. Yàrá kan ṣoṣo ni a rí gbà ní ẹ̀gbẹ́ Yaba. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, mo mú ọ̀kan. Mo bá sọ fún ọmọ mi pé, "Ìwọ náà, ọ̀pá kan."

"Màmi, tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáà ni wọ́n."

"Tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, ìdì kan ni. Ọ̀kan, Dọ̀tun."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi yàn án. Ó tẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sùn sílẹ̀. Á gbé ọ̀kan, á mì í, á dijú, á gbé e padà. Mo ní, "Ṣé ìyàwó lò ń yàn ni?" Ó ní, "Ìyàwó á rọrùn, Màmi. Ìyàwó á lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ mi." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dúdú, tó ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Mo rò pé èyí ló máa mú. Kò mú un. Èyí tó gbó jù ló mú, èyí tí wọ́n fi ọparun ṣe, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ ti dá rí, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi òwú mi wé. Mo bi í pé kí ni èyí ní tí àwọn yòókù kò ní. Ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó pa ìka mi dé, ó wá fi orí ìka rẹ̀ kan ṣóńṣó ọ̀pá náà fẹ́ẹ́rẹ́. "Ṣé ó dé ọwọ́ yín?" Ó dé ọrùn ọwọ́ mi. Ó ní, "Àwọn tó kù lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èyí ló máa ń sọ fún mi kí ẹja tó mọ̀ pé òun ti jẹ ìwọ̀." Ó kó márùn-ún tó kù fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí omi, ó fi agolo kékeré kan sínú àpò aṣọ tí ọ̀kan yẹn wà, ó sì so ó pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkàn mi ṣe rí nígbà yẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ara mi sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn oníbàárà mi ju ti àwọn ọmọ Yahoo tó ń fi ìyá wọn ṣoògùn owó. Ọmọkùnrin tó ń gbé kọ̀ǹpútà kiri, tó ń jí lọ sétí omi, tó ń bọ̀ láìmú ẹja bọ̀, tó ń ṣa ìyẹ́ adìyẹ, kí ni ẹ máa sọ nípa rẹ̀? Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bó bá ń sùn. Mo máa ń ka gèlè mi, bóyá ó ti mú ọ̀kan níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan la ń di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò ọ̀pá náà láti so ó mọ́ ìgbálẹ̀, agolo náà já bọ́, ó ṣí. Ìyẹ́ ni, òwú dúdú, òwú pupa, ìwọ̀. Ìyẹn kò jẹ́ tuntun sí mi. Ṣùgbọ́n mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí n kò rí rí. Irun ni ó wà lára wọn, irun orí èèyàn, tí wọ́n fi òwú pupa wé mọ́ irin. Ó funfun lápá kan, ó dúdú lápá kan, bí ewú tí mo ń pa láró ṣe máa ń rí bó bá ti ń hù padà. Ta ni kò mọ irun ara rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta: "Yéè! Irun orí ẹ rèé!" Àwọn ará ilé rọ́ dé. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè. Ọkùnrin kan ní, "Mo ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, ọmọ yẹn."

Nọ́ńbà Dọ̀tun ló wà lókè pátápátá nínú fóònù mi. N kò pè é. Ẹ̀gbọ́n mi tó figbe ta gan-an ló tún fà mí lápá pé, "Ìyá Dọ̀tun, jẹ́ ká dúró dè é. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ." N kò dúró. Mo gbé kẹrosíìnì ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, mo gbé ọ̀pá àti agolo lọ sí ibi tí a ti ń sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé, mo sì ṣá ìṣáná. Ọparun tó ti gbó kì í pẹ́ jó. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tèmi kì í tilẹ̀ ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dọ̀tun dé. Ó rí àwọn òrùka irin kéékèèké tí okùn ọ̀pá náà máa ń gba inú wọn kọjá, nínú eérú. Ó ní, "Ta ló sun ún?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni." Mo sì pa ẹnu mi dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pariwo. Ọkùnrin tó ní òun ti ń wò ó tẹ́lẹ̀ ló sọ fún un pé irun orí mi la rí nínú agolo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa òrùka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀: "Màmi, irun funfun máa ń tàn nínú omi tó bá rú. Inú kóòmù yín ni mo ti ń yọ ọ́. N kò sọ fún yín torí mo mọ̀ pé ẹ máa pariwo." Ó pe bàbá tó kọ́ ọ lórí fóònù, ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́: "Irun ìyàwó mi lèmi máa ń lò. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó ní òun ò ní yarun níwájú mi mọ́." Ó wá bi í pé, "Èwo ni wọ́n sun?" Dọ̀tun ní, "Èyí tí mo yàn, bàbá." Ohùn bàbá náà rẹlẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Dọ̀tun kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìdí-Àràbà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin, Màmi, ẹ ò lè ṣe irú ẹ̀ sí mi láéláé."

Oṣù kẹrin rèé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè é, kì í gbé e. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi máa wọkọ̀ ní Jíbówú padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ilé ló kù tí òun máa jókòó sí. Dọ̀tun sì ní òun ń bọ̀ wá wò mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àmọ́ tí Àǹtí bá wà nílé, òun ò ní wọlé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó tó, n óò sọ òótọ́ fún ọmọ náà. Ó ń ká ìró rẹ̀ lọ́wọ́, kò wò mí. Ó ní, "Sọ kí ni? Kó má rẹ́ni fọkàn tán mọ́? Ìyá kan ló ní. Àǹtí kò wọ́n. Fi sílẹ̀, jẹ́ kí n gbé e lọ sílé." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ sì mọ ohun tó bá mi nígbà yẹn? Ìtura. Ara tù mí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ń jẹ́wọ́ gan-an nìyẹn, ó ju ti ìṣáná lọ.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín nínú ẹrù ọmọ yín, ẹ pè é, ẹ bi í, kódà bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ìbéèrè kì í jóná. Ṣùgbọ́n èmi tí n kò béèrè, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, mo lè pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní. Bí n kò bá sọ ọ́, obìnrin tó gbé e pọ̀n máa wọkọ̀ lọ láìrí ojú rẹ̀, bóyá títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ogún ọdún mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra.