Kókó Kan Náà Ló Yọ Lọ́mú Àwọn Méjèèjì

Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún wí fún mi pé Phebe pẹ́ nílé! Ó pẹ́ báwo? Àbúrò mi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìgboògùn ní Ìwàrà lọ́jọ́ tó fọwọ́ kan kókó yẹn gan-an, tí wọ́n ní omi ọmú ló dì, ṣebí ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, kó máa fi omi gbígbóná jó o! Ó jó o títí ara rẹ̀ fi bó. Oṣù mẹ́ta! Ó padà lọ, wọ́n ní kó máa lọ sí Iléṣà, ó dé Iléṣà, wọ́n ní dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ti rìnrìn àjò. Ta ló pẹ́ níbẹ̀? Ẹ fún mi lésì!

Mo fi Ọlọ́run búra, ó ṣojú èmi Yéjídé tí mò ń fọṣọ fún òyìnbó rélùwéè l'Óṣogbo. Ìyàwó ọ̀gá mi náà rí kókó tirẹ̀ lọ́dún yìí kan náà. Òun ti ń sún mọ́ ọgọ́ta, Phebe ò tíì pé ọgbọ̀n. Mọ́ńdè ló rí i, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bàálù ti gbé e lọ sílùú wọn, wọ́n gé e, wọ́n fi ẹ̀rọ jó ìyókù. Ó ti padà dé o! Àná ni mo lọ aṣọ rẹ̀. Mi ò bínú sí i, ó sunkún nígbà tí mo ròyìn Phebe fún un. Àmọ́ kí ló dé?

Ẹ tún wá ní jẹjẹrẹ ọmú tiwa, àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń le ju tiwọn lọ, ó máa ń bá ọ̀dọ́ jà, ẹ ò sì mọ ìdí ẹ̀. Hẹ̀n? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ló burú ni, àbí ọ̀nà ilé ìwòsàn wa ló jìn? Tó bá wà nínú ara, tó tún wà níta, ibo lèèyàn ń sá gbà?

Ó dáa. Mo gbọ́. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀bẹ ò lè ràn án mọ́. Ẹ má dorí kodò bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ta wá ni kí n bá jà?

Yèyé wa náà, ọmú ló pa á, a ní ayé ló ṣe é. Dókítà, ẹ pe nọ́ọ̀sì wá. Kó bá mi tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn bùláòsì yìí. Ẹ yẹ tèmi wò kí n tó kúrò níbí!