Ohun Tó Ń Bọ́ Àwọn Obìnrin Ilé Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó la ẹnu mi. Jésù! Jésù! Jésù! Ẹ ṣé. Ọlọ́run tó ń rí ìsàlẹ̀ omi, tó sì ń rí inú èèyàn, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹja ni mò ń yan. Araromi ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ òkun ti gba ilé bàbá mi, kò ku òpó kan. Ìyẹn ló gbé wa dé ẹ̀bá Etikan níbí, níbi tó jẹ́ pé orí pákó là ń rìn, tí omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá mi. Ìgbà tó lé díẹ̀ lógójì ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó sanra títí, lọ́jọ́ kan ó ṣubú nídìí ààrò ẹja, kò dìde mọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sanra bákan náà. Ó ń wọ aṣọ ìsìn lọ́wọ́ ni òun náà ṣubú. Nígbà tá a sin ín tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ohun kan ń bọ́ àwọn obìnrin ilé ìyá yín. Tí wọ́n bá ti sanra tó, á pa wọ́n jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú egungun mi.

Mo pé ọdún mẹ́tàlélógójì, èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní bùbá ìyá mi kan nínú àpótí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mo wọ̀ ọ́ wò, ó gba èmi méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tún wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́, bíi pé èmi ni wọ́n rán an fún. Òórùn èéfín ẹja ìyá mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo bọ́ ọ sílẹ̀ kíá, mo tì í padà sínú àpótí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mò ń ti ọjà bọ̀, omi pa rọ́rọ́, ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Màmá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ máa ń jókòó sẹ́bàá afárá pákó. Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ gbogbo wa. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́! O ti dé? Ibo lo lọ látọjọ́ yìí?"

Ìyá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá! Mo ní, "Màmá, èmi ni o, ọmọ rẹ̀ ni." Ó ní rárá, ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ lòun gbọ́, òun ò lè ṣì í mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ó ti kàn mí. Mò ń gbààwẹ̀. Tí mo bá sì ṣínu, pupuru ńlá méjì àti mínírà tútù ni. Mo túbọ̀ ń sanra! Tí mo bá jókòó sínú bóòtù, oorun á gbé mi lọ. Ọkọ mi ní bí mo bá sùn, lóru tàbí lọ́sàn-án, mímí mi á dá pátápátá, bíi pé ẹnì kan fọwọ́ dí mi nímú, lẹ́yìn náà màá ta jí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì mí, kó máa ṣọ́ mi.

Mo wá sínú ìjọ yìí, mo dojú bolẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹni tó ń bọ́ mi, fi hàn mí kí n tó kú." Ọjọ́ mẹ́ta, àdúrà kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Ìjọ ní kí n jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Mi ò fẹ́ lọ. Mo lọ.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò ju ọmọ mi lọ. Ó ní kí n gun ìwọ̀n, ó fi téèpù wọn ìbàdí mi, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú bírò, ó wò mí lójú, ó ní, "Mà, ta ló ń bọ́ yín?"

Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Àdúrà mi ló ń kà sí mi létí! Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Ó ní, "Mà, ẹni tó ń se oúnjẹ yín ni mò ń béèrè." Mo ní, "Èmi ni."

Ó wá ń bi mí. Ta ló sanra nílé yín? Mo ka ìyá mi, mo ka ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé mò ń rìn? Ní Araromi, mo máa ń ru agbọ̀n ẹja rin etí òkun lójoojúmọ́. Níbí, láti ìdí ààrò sínú bóòtù ni, láti inú bóòtù sídìí ààrò. Mi ò sùn tó. Nítorí ooru iná, mínírà mẹ́rin ni mò ń mu lójúmọ́. Oògùn orúnkún tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi bóòtù kiri ńkọ́? Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó wà lára ohun tó ń mú ara wú, tó ń mú ebi pani.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ìyá yín wà lára yín, Mà, mi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Àmọ́ ilẹ̀kùn ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣí. Àwọn yòókù tí ẹ kà fún mi yìí ló ń wọlé."

Mo sunkún. Màmá tó fọ́jú yẹn ò purọ́. Ara tó wúwo bíi ti ìyá mi ló gbọ́ lórí pákó. Gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀yìn ni mò ń wò, omi ni mò ń wò, pé ibẹ̀ ni nǹkan yẹn máa gbà yọ.

Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà bá mi dín oògùn orúnkún kù díẹ̀díẹ̀ títí mo fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mínírà, mo jù ú sílẹ̀. Mo gbé àjẹ̀, mò ń wa ọkọ̀ fúnra mi lọ sọ́jà, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì tẹ́ẹ́rẹ́ o, ẹ̀ ń wò mí! Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, mímí mi kì í dá mọ́, ọkọ mi náà ti ń rí oorun sùn. Halleluyah!

Èyí tó ga jù nìyí. Mo ní àbúrò kan, Bùnmi, tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa yẹn fún. Lọ́jọ́ tá a sin ẹ̀gbọ́n wa ló ti sá lọ sí Òkìtìpupa, ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan omi yìí mọ́, kí nǹkan yẹn má bàa rí òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra lọ́hùn-ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pè é lórí fóònù, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan kan tó ń wá wa?"

Mo ní, "Kò sí. Máa bọ̀ nílé."

Ó ti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, wọ́n sì tètè rí i pé ó ti ń ru. Ìyá wa ò rí ẹni bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n wa ò rí. Àwa méjèèjì rí! Àná ni bóòtù gbé e dé. Bùnmi, dìde, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ. Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ Àbẹ̀kẹ́ rèé, a wà láàyè! Ẹ dìde, ẹ bá wa jó, kí ògo Ọlọ́run dé òkè òkun!